Ìyá Tó Gbàgbé Ọmọ Sórí Ìlà Mílíìkì

Bí obìnrin kan bá sọ fún yín pé òun kò ṣe àṣìṣe rí lórí ọmọ, ẹ bi í léèrè bóyá ó tíì bímọ.

Ẹ wo Rhoda, ìyàwó Bámigbóyè, tíṣà ní Òmù-Àrán. Ìgbàjà ni wọ́n ti gbé e níyàwó wá. Aṣọ rẹ̀ kì í rún, imú ọmọ rẹ̀ kì í ṣàn, àgbàlá rẹ̀ mọ́ tónítóní. Àwọn obìnrin ìjọ bá sọ ọ́ ní "Ìyá Aláìlábàwọ́n", wọ́n sì takété sí i. Ọdún mẹ́ta gbáko, kò sẹ́ni tó yà kí i nílé. Ó dùn ún wọra, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Lọ́dún 1984, àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba, mílíìkì sì wọ́n bí ojú. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tà á, gbogbo ìlú a tò sórí ìlà. Òkúta làwọn mìíràn fi ń gba àyè. Rhoda ní tirẹ̀ fi ọmọ gbà á. Ó gbé Ọmọ́ṣaléwá, ọmọ ọdún mẹ́ta, kalẹ̀. Ó ní, "Dúró síbí, má kúrò o," ó sì sáré lọ sórí ìlà ọṣẹ. Nígbà tó padà dé, ó ti kàn án. Èrò ń ti ara wọn, ó na ọwọ́, ó gba agolo méjì, ó di ilé. Ó po mílíìkì sínú kọ́ọ̀bù, ó pe Ṣaléwá kó wá mu. Ta ni yóò dáhùn?

Yéèpà! Ẹsẹ̀ lásán ló fi sáré padà. Ó bá ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wosilat ẹlẹ́pà, ẹ̀pà kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọmọ ní, "Màmá, mi ò kúrò o." Rhoda bú sẹ́kún. Wosilat ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Ṣaléwá. Mi ò rí nǹkan kan."

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ní Rhoda ni yóò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àkọlé ńkọ́? "Ìyá Tó Mójú Tó Ọmọ." Ẹ gbà mí! Bó bá parọ́, Ọlọ́run ń gbọ́. Bó bá sọ òótọ́, orúkọ rere nìkan ló ní nílùú náà, ìyẹn náà yóò lọ.

Ó dìde, ó wo Ṣaléwá, ó pa ìwé rẹ̀ dé. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ti ṣi ẹni pè. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé mílíìkì délé, mo gbàgbé ọmọ tí yóò mu ún sórí ìlà."

Bí ilẹ̀ bá lanu, Rhoda ì bá wọlẹ̀. Àfi bí Ìyá Eunice, olórí àwọn ìyá, arúgbó tí kì í rẹ́rìn-ín, ṣe bú sẹ́rìn-ín. "Tèmi ńkọ́? Mo tẹ́ ọmọ sábẹ́ igi lóko, mo ru iṣu wálé! Ọkọ mi ló gbé e dé, ó ní, 'Ìyàwó, o gbàgbé iṣu kan.'" Helen, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ìjọ, náà dìde, ó ní ọmọ ọlọ́mọ lòun pọ̀n kúrò níbi àbẹ́rẹ́ àjẹsára. Pásítọ̀ lu agogo títí, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Nígbà tí wọ́n tún ta mílíìkì, àwọn obìnrin ti gba àyè de Rhoda. Wọ́n ń pariwo, "Ìyá Ṣaléwá, ka ọmọ rẹ o!" Ó pọn ọmọ náà gírígírí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì dirodiro, ó sanwó, ó lọ sílé.

Kò pẹ́, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ìyá Eunice ni, Helen àti Wosilat wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé agolo méjì lọ́wọ́.

"Ọmọ lo rántí lónìí, mílíìkì lo fi sílẹ̀. A dúpẹ́ pé òun kì í sunkún."

Ẹ rò pé wọ́n lọ? Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, èèpo rẹ̀ fọ́n káàkiri ilẹ̀ tónítóní yẹn. Rhoda kò wá ìgbálẹ̀. Kọ́ọ̀bù ló ń wá, nítorí èyí tó wà nílé kò tó wọn.