Bí Mo Ṣe Di Ọmọ Àlájà Lẹ́yìn Ikú Rẹ̀

Gbogbo Mamobi, ní Accra níbí, ló mọ̀ pé mo lè fi ẹnu ta ìbòrí fún ẹni tí kò ní orí. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò tà á fún yín. Èmi ló ṣẹlẹ̀ sí, lọ́sàn-án gangan, oorun ò sì kùn mí.

Ìbòrí àti tùràrí ni mò ń tà. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń gbé ọjà lọ bá Àlájà kan ní àdúgbò Dansoman, ará ìlú wa, olówó tí owó rẹ̀ kì í pariwo. Nígbà tó yá, mi ò gbé ọjà dání mọ́, mo kàn ń lọ ni. Mo mọ èyí tí kì í jẹ ata nínú àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ń wé gèlè bíi tirẹ̀, mo ń wúkọ́ bíi tirẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn lọ́jà pé ilé ìyá mi ni mò ń lọ. Ìyá mi gan-an sì wà l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ó ń retí kí n pe òun. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rín in.

Àlájà kú. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n kó aṣọ rẹ̀ jáde kí àwọn ọmọ pín in. Mo bá lọ jókòó sáàárín wọn lórí ẹní. Ojú ò tì mí.

Ẹ gbà mí gbọ́, kò sí èyí tó fọwọ́ kan nǹkan kan nínú wọn. Léèsì olówó ńlá wà níbẹ̀, wọ́n ń wò ó bí ẹni wo ejò.

Mèmúnà, àkọ́bí, bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá ọmọ ni mí lóòótọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n sọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́.

"Ọmọ Àlájà ni mí."

Ó gbé léèsì náà lé mi nítan. Àbúrò rẹ̀ mí kanlẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Mo wọ̀ ọ́ lọ sí ìsọ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo gbójú sókè lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Àlájà ló jókòó sórí àga oníbàárà, nínú aṣọ funfun tí a fi sin ín, òwú nímú.

"Mo ti sọ fún àwọn ọmọ kí n tó kú pé mi ò ní dá lọ," ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ọmọ mi tó bá wọ aṣọ mi ni yóò bá mi lọ."

"Àlájà, èmi kì í ṣe ọmọ yín."

"Ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ ọ́."

Mo sáré dé Dansoman. Mèmúnà ò ṣí géètì. Ó gbẹ́nu sí ihò rẹ̀.

"Sísítà, bá wa kí Mọ́mì."

Ojoojúmọ́ ni Àlájà ń wá sí ìsọ̀ mi báyìí, ó sì ń fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti lẹ ìwé ìkéde àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀ mọ́ ògiri ilé wọn. Orúkọ mi ló ṣáájú nínú orúkọ àwọn ọmọ. Kí n má purọ́, inú mi dùn díẹ̀.

Ìwọ tó ń dọ́gbọ́n wọ ilé olówó, bí wọ́n bá fún ọ ní ohun tó tọ́ sí ọmọ wọn láìjà, kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ìdí tí ọmọ ò fi mú un.