Bí A Ṣe Yan Sikóòpù fún Ìbọn Bàbá Àgbà

Bàbá àgbà mi yìnbọn lu bùtá àlùwàlá ara wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, n kò sì mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kí ó ní ọ̀wọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbé bùtá náà lé orí òkìtì ikán nítòsí oko wa lẹ́yìn abúlé Dungu, wọ́n kírun, wọ́n gbé ìbọn, wọ́n rìn síwájú díẹ̀. Nígbà tí wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n rí ehoro kan tó nàró lórí òkìtì. Ẹnu bùtá ni etí kan, ọwọ́ rẹ̀ ni etí kejì. Wọ́n ṣe bìsìmílà, wọ́n sì yìn ín.

Ọta náà bà á láàárín gan-an. Mo sọ fún bàbá mi pé ó yẹ kí a ya nǹkan méjì sọ́tọ̀: ọwọ́ Bàbá àgbà kò mì rárá, ojú wọn nìkan ni kò dá ohun tó ń wò mọ̀. Bàbá mi ní àlàyé mi dára. Wọ́n wá bi mí pé bó bá jẹ́ ọmọ ènìyàn ló jókòó sórí òkìtì yẹn ńkọ́?

Nítorí náà bàbá mi gbé òfin kalẹ̀. Kí oṣù ààwẹ̀ tó wọlé, bí Bàbá àgbà kò bá lè dá nǹkan mọ̀ láti ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, ìbọn yóò lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n ti ń tún ìwé àṣẹ rẹ̀ ṣe, kò sì ní padà wálé mọ́. Bàbá àgbà kò jiyàn. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í nu ìbọn náà láràárọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń wẹ ọmọ tí wọ́n fẹ́ mú lọ sí ìlú mìíràn. Ní ilé wa ní àdúgbò Moshie Zongo, gbogbo wa mọ ohun tí ìbọn yẹn jẹ́ fún wọn. Kéwú ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ Sátidé títí di Ọjọ́rú. Ọjọ́ Alàmísì tí ilé kéwú kì í ṣí ni ọjọ́ tiwọn, ìgbẹ́ sì ni wọ́n máa ń lọ.

Dókítà ojú ti yẹ̀ wọ́n wò. Ó ní kò sí àrùn níbẹ̀, ọjọ́ orí ló dé. Ó fún wọn ní jígí, Bàbá àgbà sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí bí ẹni ń tọ́jú aṣọ ọdún. Dókítà mìíràn, tó ń wo ẹ̀jẹ̀ wọn, ti ní kí wọ́n jáwọ́ nínú ṣúgà. Ìyẹn ni wọ́n gbà láìjanpata. Wọ́n búra pé ṣúgà kò ní kan ẹnu àwọn mọ́. Ìyá mi tó máa ń gbá yàrá wọn sọ fún mi ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé àwọn èèrà inú yàrá náà kò tíì gbọ́ nípa ìbúra yìí.

Èmi ni mo dábàá pé kí a ra sikóòpù, awò gígùn tí wọ́n ń dè mọ́ orí ìbọn kí ohun tó jìnnà lè súnmọ́ ojú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ìṣirò ní yunifásítì ni, mo sì fi díẹ̀ pamọ́ nínú owó ìsìnrú ìlú mi. Ó tó ra sikóòpù kan tí kò wọ́n. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ohun tí kò wọ́n pọ̀, gbogbo wọn ló sì ń fọ́nnu.

Èmi àti Bàbá àgbà lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà Kanvili, níbi tí wọ́n ti ń ta àwọ̀n, tọ́ọ̀ṣì, ọ̀bẹ àti bàtà òjò. Ọlọ́jà náà gbé sikóòpù mẹ́ta síwájú wa. Èkíní sanra, ó ń dán, iná pupa àti iná àwọ̀ ewé wà nínú rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́rìnlélógún. Èkejì tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú, kò ní iná kankan, ìlọ́po mẹ́rin péré ni wọ́n kọ sára tirẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ iye ẹ̀kẹta, mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn kí n má baà ṣèèṣì fara kàn án.

Ojú Bàbá àgbà ti lọ sára èyí tó sanra. Ọlọ́jà náà rí i.

"Hàjíyà," ó sọ fún mi, "tí o bá dúró síbí, wàá rí ẹni tó ń jẹ wàákyé ní Bolga."

Bolga, ìrìn wákàtí méjì àti ààbọ̀ nínú mọ́tò! Mo bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ti rí ẹnì kan tó ń jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà níbẹ̀. Ó ní òun ò tíì ráyè.

Ògiri búlọ́ọ̀kù kan wà ní òdìkejì ọ̀nà. Mo fi ojú kan wo inú sikóòpù tẹ́ẹ́rẹ́, mo la ojú kejì sílẹ̀, mo wá ka iye ìlà búlọ́ọ̀kù tí ojú lásán rí, tí ìlà kan ṣoṣo inú awò bò mọ́lẹ̀. Mẹ́rin ni, bí páálí ṣe wí. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún èyí tó sanra, mo yí òrùka rẹ̀ dé òpin, n kò rí ju mẹ́jọ lọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n má baà purọ́ mọ́ ọn. Ọlọ́jà náà ní ìṣirò ń ba ọjà òun jẹ́. Páálí méjèèjì tún ní omi kò lè wọ inú wọn, mo bá tọrọ abọ́ omi. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó bá mi ri ọmọ rẹ̀ sínú kànga. Mo rán an létí pé bí páálí bá ń sọ òótọ́, omi kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fara ti àwọn àwọ̀n. Nígbà tó yá, ọlọ́jà gbé omi wá, ó ri wọ́n fúnra rẹ̀. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ dákẹ́ jẹ́ẹ́ sínú omi. Èyí tó sanra bẹ̀rẹ̀ sí í tú hóró afẹ́fẹ́ jáde, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ odò. Ọlọ́jà yára gbé e jáde, ó ń nù ún, ó ní ó ń mí ni, ohun tó bá láàlàáfíà a máa mí.

Síbẹ̀ Bàbá àgbà kò yéé wo àwọn iná rẹ̀. Mo fi káàdì ìdánimọ̀ mi sílẹ̀, ọlọ́jà sì gbà kí a kó méjèèjì lọ dán wò, kí a dá wọn padà kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Ní pápá tó wà lẹ́yìn Dungu la ti ṣe ìdánwò náà. Ìbọn wà nílé, nínú àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò bàbá mi. A gbé àpò iyanrìn sórí àga, a fi sikóòpù lé e, Bàbá àgbà jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ìyá mi gbé agbọ̀n oúnjẹ wá, wọ́n sì gbé àpò ọdẹ Bàbá àgbà dání, nítorí inú rẹ̀ ni ẹní ìkírun àti bùtá tuntun wà.

Ìdánwò àkọ́kọ́ ni mo rò pé mo fi gbọ́n jù. Kí ni Bàbá àgbà ti fi ojú wò jù láyé yìí? Wàláà ni, pákó tí àwọn ọmọ kéwú ń kọ̀wé sí. Mo kọ ọ̀rọ̀ Kùránì gàdàgbà sára wàláà kan, mo so ó mọ́ igi dóńgóyárò ní ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀. Bàbá àgbà fúnra wọn ló yá mi ní tàdáà, yíǹkì tí mo fi kọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n sì dúró tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ó yẹ kí n ti ronú sí ìyẹn.

Bàbá àgbà mú èyí tó sanra. Wọ́n gbé ojú sí i, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Wọ́n kà á já geere, wọ́n fa ibi tó yẹ ní fífà, wọ́n dúró níbi tó yẹ ní dídúró. Bàbá mi ní alihamudulilai. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fò sókè, èmi tí n kì í fò. Bàbá àgbà ṣì ń kà á lọ. Wọ́n ti kọjá ibi tí mo kọ dé, wọ́n ti wọ iwájú rẹ̀ lọ bí ìlà mẹ́ta, kí n tó lọ wo iwájú sikóòpù náà.

Ọmọrí rọ́bà dúdú ṣì wà lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣí i.

"Bàbá," mo ní, "kí lẹ rí nínú rẹ̀?"

"Ó ṣókùnkùn díẹ̀," wọ́n dáhùn, "ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ."

Ìyá mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà èmi, lẹ́yìn náà bàbá mi tí wọ́n ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín bàbá mi ló tètè tán. Wọ́n ní ṣé ọ̀rọ̀ ò ti parí báyìí. Bàbá àgbà kàn ń gbá iyanrìn kúrò lórí àga. Bí wọ́n ṣe ń gbá a dùn mí. Mo bẹ bàbá mi pé àṣìṣe èmi ni, kí wọ́n fún wa ní ẹ̀ẹ̀kan sí i, kí a lo ohun tí kò sẹ́ni tó lè kọ́ sórí.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ dúró síbẹ̀," ni ìyá mi wí. "Ohun tó bá tẹ̀ mí lọ́wọ́ ni n ó máa gbé sókè."

Wọ́n kó agbọ̀n àti àpò ọdẹ, wọ́n rìn dé ìdí igi. A ṣí ọmọrí sikóòpù tó sanra. Ìyá mi gbé igbákọ sókè. Bàbá àgbà ní ọmọ ológbò ni. Ìkùukùu ti bo inú awò náà, ó jọ pé omi tó mu ní ṣọ́ọ̀bù ti ń gbóná nínú oòrùn. Mo gbé tẹ́ẹ́rẹ́ síwájú wọn. Wọ́n wò ó títí.

"Mo rí ẹnì kan. Ó lè jẹ́ ìyàwó wa. Ó sì lè jẹ́ igi."

Bàbá mi ti ń wo ilẹ̀. Mo wo inú sikóòpù náà, ó mọ́ gaara. Ìgbà náà ni mo rí ìwà òmùgọ̀ mi: ojú tèmi ló mọ́ gaara fún. Òrùka kékeré kan wà ní ìdí rẹ̀ tí oníkálukú ń yí bá ojú ara rẹ̀ mu, èmi sì ti yí i bá tèmi mu ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ti yẹ gbogbo ohun tí páálí wí wò, n kò rántí ojú tí a ń ra nǹkan fún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i díẹ̀díẹ̀, mo ní kí Bàbá àgbà máa wo ìlà méjì tó dábùú ara wọn nínú rẹ̀.

"Dúró," wọ́n ní. Wọ́n mí kanlẹ̀. "Dúró níbẹ̀. Gèlè ìyàwó ti yẹ̀ sí òsì."

Gèlè náà ti yẹ̀ sí òsì lóòótọ́. Bàbá mi súnmọ́ wa. Ìyá mi gbé ṣíbí, Bàbá àgbà ní ṣíbí. Wọ́n gbé àlùbọ́sà, Bàbá àgbà ní àlùbọ́sà ni, ó ti rà lápá kan. Bàbá mi yọjú wo inú awò láti mọ̀ bóyá ó rà. Ó rà. Agbọ̀n ti ń tán lọ, ìyá mi bá ti ọwọ́ bọ àpò ọdẹ. Ọwọ́ wọn pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n yọ nǹkan kan jáde, wọ́n wò ó, wọ́n wo apá ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n wá kúnlẹ̀, bí ìyàwó ilé ṣe ń kúnlẹ̀ fún bàbá ọkọ rẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè.

Bàbá àgbà fọwọ́ tún àpò iyanrìn tò.

"Bàbá, kí ni wọ́n gbé sókè?" bàbá mi béèrè.

"Atẹ́gùn ń fẹ́," ni Bàbá àgbà wí. Ewé kan ò mì lórí igi.

"Ṣé ẹ ò rí i ni?"

Ohun funfun kan ni ojú lásán mi rí. Bàbá àgbà gbé ojú kúrò, wọ́n wò mí bí ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tà, wọ́n sì tún padà sídìí awò. Bàbá mi ti fọwọ́ sápò, níbi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Mo rí i pé Bàbá àgbà rí ọwọ́ náà.

"Ṣúgà ni," wọ́n ní jẹ́jẹ́.

"Ẹ ní kí ni, Bàbá?"

"Mo ní ṣúgà ni. Páálí rẹ̀ ti ya létí. Ó ku bí hóró mẹ́jọ nínú rẹ̀."

Bàbá mi jókòó sórí iyanrìn. Wọn ò wá ibi tí wọn yóò jókòó sí, wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí mo fi di igbáàyà mú. Ní ọ̀hún, ìyá mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú páálí lókè, wọn ò mọ̀ bóyá Bàbá àgbà rí i tàbí wọn ò rí i. Èmi ni mo sáré lọ sọ fún wọn. A ka hóró inú páálí náà. Mẹ́jọ ni.

Bàbá mi yọ kọ́kọ́rọ́ fún Bàbá àgbà lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n má dá nìkan lọ sí ìgbẹ́ mọ́, kí a sì kun bùtá tuntun ní ọ̀dà pupa. Ìyá mi mú ṣúgà.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́ mo dá sikóòpù tó sanra padà, mo san owó tẹ́ẹ́rẹ́, mo gba káàdì mi. Ọlọ́jà náà béèrè ohun tó jẹ́ ká yan èyí tí kò ní iná. Mo ní ṣúgà ni. Ó ronú sí i díẹ̀, ó wá bi mí bóyá òun lè kọ ìyẹn sára páálí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá àgbà jókòó ti tíì tí kò dùn, ìyá mi jókòó ní iwájú wọn. Bàbá àgbà mu ún díẹ̀, wọ́n fajú ro, wọ́n wò mí.

"Alákọ̀wé," wọ́n ní, "èyí tó ṣókùnkùn yẹn ni ká tiẹ̀ rà."