Ohun Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Kọ ní Tésàn

Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn aládùúgbò mi ní Mowe. Èmi, ìyá àgbà, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n gbé lọ sí kóòtù nítorí pé mo na ọkọ mi.

Ṣé irọ́ ni? Kì í ṣe irọ́. Bàbá Kúnlé da ọbẹ̀ mi sílẹ̀, ó ní kò níyọ̀, ó sì gbé ọwọ́ sókè bó ṣe máa ń gbé e láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ. Ogbó ti dé sí ọwọ́ náà báyìí. Ọmọrogùn wà lọ́wọ́ mi. Mo fi nà án lápá lẹ́ẹ̀mejì, eegun apá rẹ̀ sì kán.

Àbúrò rẹ̀, Sìkírátù, ló mú un lọ sí tésàn. Sìkírátù yìí kan náà! Nígbà tí a wà ní Ifo, ògiri kan ló wà láàárín yàrá rẹ̀ àti tiwa. Gbogbo igbe mi ló ń gbọ́. Ohun tó máa ń sọ kò ju, "Ìyàwó wa, máa fara dà á, ọkọ ẹ ni." Òun ló wá ń sunkún níwájú ọlọ́pàá pé mo fẹ́ pa ẹ̀gbọ́n òun.

Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí tésàn, ọlọ́pàá obìnrin kan tí kò tó àbígbẹ̀yìn mi lọ́jọ́ orí kúnlẹ̀ kí mi, ó ní mo lè dúró de lọ́yà kí n tó kọ sìtétímẹ́ǹtì. Mo bi í pé kí ni lọ́yà fẹ́ kọ́ mi nípa ìwé kíkọ? Mo gba bírò. Ìwé kún, mo ní kó mú òmíràn wá. Gbogbo ìgbátí, gbogbo ọ̀rọ̀ Sìkírátù, mo tò wọ́n. Mo wá parí rẹ̀ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ nà án ni, ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ọjọ́ náà. Mo fọwọ́ sí i. Inú mi dùn sí gírámà mi!

Wọ́n gba béèlì mi. Ní kóòtù, wọ́n ka ẹ̀sùn sí mi létí, mo ní n kò jẹ̀bi, bí lọ́yà tí Kúnlé ọmọ mi gbà fún mi ṣe kọ́ mi. Adájọ́ ní n kò gbọdọ̀ sún mọ́ Bàbá Kúnlé títí ẹjọ́ á fi parí. Sìkírátù ló ń gbé ilé tí èmi àti ọkọ mi jọ kọ́ báyìí. Pálọ̀ àbúrò mi ní Ifo ni mò ń sùn.

Nígbà tí lọ́yà ka sìtétímẹ́ǹtì mi tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Mama, ẹ ti bá àwọn ọlọ́pàá ṣe iṣẹ́ wọn tán."

Ó ní ẹni tó bá kọ ọ́ pé òun ti ń retí ọjọ́ tí òun máa na ọkọ òun, ó ṣòro kó tún sọ pé òun ń gba ara òun sílẹ̀ ni. Ó béèrè ẹ̀rí pé Bàbá Kúnlé máa ń nà mí. Mo ní ó wà! Mo kó àwọn káàdì ọsibítù mi àtijọ́ jáde.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí nọ́ọ̀sì kọ nípa mi síbẹ̀: Ó ṣubú ní balùwẹ̀. Ó ṣubú nídìí kànga. Ó jábọ́ lórí àtẹ̀gùn ilé.

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún nọ́ọ̀sì? Èmi ni, kí orúkọ ọkọ mi má baà bàjẹ́. Ilé wa nígbà yẹn kò sì ní àtẹ̀gùn kankan.

Ẹ̀yin obìnrin, tẹ́ ẹ bá dé tésàn, ẹ dákẹ́ títí lọ́yà yín á fi dé. Ní ọsibítù, ẹ má dákẹ́. Ẹ dárúkọ ẹni tó nà yín, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Èmi dákẹ́ níbi tó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀, mo sọ̀rọ̀ níbi tó yẹ kí n ti dákẹ́.

Ṣé ẹ̀yin náà ti jábọ́ rí lórí àtẹ̀gùn tí kò sí? Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ kọ òótọ́.