Igi Máńgòrò Tó Wà Lórí Máàpù

Òórùn ike gbígbóná àti eruku ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Àárọ̀ ọjọ́ tí mèsíyé, olùkọ́ wa, ṣí yàrá kọ̀ǹpútà fún kíláàsì wa ní Koumassi nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n wó àwọn ilé etí ọ̀sà ní Boribana níbi tí wọ́n bí mi sí. Màámi ti kó wa wá sí Koumassi kí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wólé tó dé, torí kò fẹ́ fojú rí i. Èmi náà ò rí i.

Mèsíyé fi eré méjì hàn wá. Nínú àkọ́kọ́, a ó tẹ àròkọ wa sínú ẹ̀rọ, yóò sì fọ́n àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ káàkiri ojú gíláàsì bí ẹ̀wà tí a sá sórí ẹní. Èyí tí a bá kọ jù ni yóò tóbi jù. "Ilé mi" ni àkọlé wa. Nínú ti àwọn yòókù, "ìyá" tàbí "yàrá" ló tóbi. Nínú tèmi, "máńgòrò" ni. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá ẹyẹ ni bàbá mi.

Ojú tì mí, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé. Nígbà tí wọ́n bí mi, bàbá mi ló ri olóbi mi mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó gbin máńgòrò lé e, ó sì kú kí igi náà tó so. Màámi máa ń sọ pé, "Bí ọmọ bá ṣìnà, ibi tí olóbi rẹ̀ wà ni yóò pè é padà."

Eré kejì ni máàpù tí a fi ń wo àdúgbò láti òkè. Mo wá Boribana. Mo rí òrùlé wa, pẹ̀lú táyà tí bàbá mi gbé lé páànù kí atẹ́gùn má baà ṣí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni igi náà wà, ó tutù yọ̀yọ̀. Àyà mi ń já, inú mi sì ń dùn, bí ẹni pé ènìyàn méjì ni mí.

Mo sáré lọ bá màámi níbi tó ti ń ta abọ́ lọ́jà.

"Màámi, ilé wa ṣì wà! Igi náà ṣì wà!"

Ó gbé abọ́ oníke tó ń tò sílẹ̀. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo rí i ni."

"Àbẹ̀kẹ́, ìròyìn ò tó àfojúbà. Mú mi lọ."

Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà náà, ó fi ìka kan igi. Mèsíyé ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní Faransé, pé àwòrán yẹn lè ti pẹ́. Faransé ọjà ni màámi gbọ́. Èmi ni ògbufọ̀ rẹ̀ níbi gbogbo.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ẹ káàbọ̀."

Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá irọ́ ni mo pa tàbí àdúrà ni mo gbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú ọ̀rá àti ṣíbí, ó wọ takisí wôrô-wôrô, kó lè bu iyẹ̀pẹ̀ ìdí igi náà wá síbi tí a ń gbé. Ó dé lọ́sàn-án, ó ká ọ̀rá náà mọ́wọ́, kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

"Kí ni mèsíyé yẹn wí gan-an?"

Mo sọ ọ́.

"Ó dáa," ló wí, ó sì ń to abọ́ rẹ̀ lọ. Ìbá nà mí, ara ìbá tù mí.

Ní báyìí mo ti gboyè. Ẹnu iṣẹ́ kẹta tí mi ò mọ̀ bóyá yóò tọ́jọ́ ni mo wà, mo sì máa ń rò ó nígbà mìíràn pé ọmọ tí ibi olóbi rẹ̀ sọnù ni mí. Mi ò gbà á gbọ́. Mo ń rò ó ṣáá ni. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, màámi na fóònù mi sí mi.

"Ṣí máàpù yẹn fún mi."

"Màámi, igi náà ò sí níbẹ̀ mọ́ o."

"Ṣé mo bi ọ́ ni? Dá a padà sẹ́yìn."

Ó mọ̀ pé máàpù náà ní ibi tí a ti ń yí ọdún padà. Mo yí i. Nígbà èwe, mo fi òótọ́ pamọ́ kí igi náà lè wà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ́kọ́ sọ òótọ́ náà kí n tó yí i. Mi ò rí ọgbọ́n mìíràn tí ìwé fi kún tèmi, torí nígbà tí táyà orí páànù ilé wa yọ lójú fóònù, èmi ni mo kọ́kọ́ fi ìka kàn án.