Awakọ̀ Eré Ìje Tí Mo Fi Pòwe fún Bàbá Mi

Ọjọ́ tí bàbá mi dá ọkọ̀ dúró lójú pópó ní Al-Kakíyà, àdúgbò wa ní Mẹ́kà, tó fọn fèrè ọkọ̀ fún àwọn páálí tí wọ́n tò jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tó sì sọ gíláàsì kalẹ̀ láti kí wọn pé, "Salamu alaikun, ẹ kọjá, ẹ jọ̀ọ́," lọ́jọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ kúrò lọ́rọ̀ àwàdà. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, àmọ́ nígbà tí mo délé, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Páálí ni lónìí; ọ̀la ńkọ́?

Dókítà ti ní kó má wakọ̀ mọ́. Bàbá mi ní ọmọdé ni dókítà ọ̀hún. Mẹ́kà níbí ni wọ́n bí i sí, ọmọ arìnrìn-àjò kan tó wá ṣe Hájì tí kò padà sílé mọ́, ọkọ̀ ló sì fi tọ́ gbogbo wa. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé Karantínà ní Jẹ́dà ló ń kó wá sí Mẹ́kà, tó ń kó padà, wọ́n á fún mọ́ra nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Bí a kò bá gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè pa ara rẹ̀ tàbí kó pa ọmọ ọlọ́mọ. Bí a bá sì gbà á, a ò mọ ohun tí yóò kù nínú bàbá wa.

Èmi ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ bá a sọ ọ́, torí èmi ló ń gbé láràárọ̀ lọ sí yunifásítì ní Al-Abidíyà, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní èdè Faransé. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tèmi wà nínú báàgì mi, ṣùgbọ́n bàbá mi kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọkọ̀ rẹ̀ rí. Nílé wa, ọmọ kì í wo ojú bàbá kó ní, "Ẹ jáwọ́." Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Èmi náà wá àbọ̀ ọ̀rọ̀ lọ. Inú ìwé tí mo fi ń kọ́ni ni mo ti bá a pàdé: ọkùnrin Faransé kan tó wakọ̀ eré ìje nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń sọ ìtàn rẹ̀ fún Bàbá lójú ọ̀nà. Ọmọ oníbúrẹ́dì ni. Kẹ̀kẹ́ ló fi ń gbé búrẹ́dì káàkiri, ó sì ń sáré débi pé wọ́n mú un lọ sí ìdíje. Nígbà tí mọ́tò dé, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń sá fún un, òun ti jókòó sórí rẹ̀. Ọkọ̀ ìgbà náà kò ní òrùlé, kò ní gíláàsì iwájú. Eruku ni awakọ̀ ń jẹ láti ìlú dé ìlú, adìyẹ àti màlúù sì ń sọdá níwájú rẹ̀. Mẹkáníìkì á jókòó tì í, á máa fọwọ́ fa epo sínú ẹ́ńjìnì, á máa bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnìkan ń lé wọn bọ̀. Bí táyà bá bẹ́, àwọn méjèèjì á bọ́ sílẹ̀ nínú oòrùn, wọ́n á fi ọ̀bẹ gé e kúrò.

"Wàlláhì, ọkùnrin ni!" Bàbá mi lu sítíárìn. "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Ọ̀rọ̀ wá bẹ́yìn yọ. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn náà fún àwọn èrò Karantínà, àwọn yẹn sì sọ ọ́ ní Ará Faransé. Ó ra awò dúdú. Ó ń ya àwọn ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀ lójú ọ̀nà Jẹ́dà, tí èmi ń di ìlẹ̀kùn mú. Mo yára dé ibi tí mo ń lọ nínú ìtàn náà: mo ní eruku ba ojú ọkùnrin náà jẹ́, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ fi eré ìje sílẹ̀ nígbà tí òkìkí rẹ̀ ń kàn, ó ṣí ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, ó sì dàgbà dàrúgbó láàrin àwọn ọmọ rẹ̀.

Bàbá mi kẹ́dùn. "Ó mà ṣe o. Ó yẹ kó fara dà á. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láyé."

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, a ń bọ̀ láti Jẹ́dà, àwa méjì péré. Lọ́rì kan dúró níwájú wa, bàbá mi kò sì tẹ bíréékì àfìgbà tí mo pariwo. Ó kù díẹ̀ ká wọ abẹ́ rẹ̀. Ó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Gbogbo òwe fò lọ lórí mi.

"Bàbá, ẹ ò rí lọ́rì yẹn. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò fẹ́ kí ẹ kú." Ni mo bá bú sẹ́kún bí ọmọ kékeré.

Ó yíjú sí mi. "Ṣé torí èyí lo ṣe ń sọ ti ará Faransé yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Dókítà ní mo ti darúgbó. Ìyá rẹ ní olórí kunkun ni mí. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ kàn ń wò mí. Ìwọ sọ ti òyìnbó. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ẹ̀rù ń ba òun nítorí mi. Mo rò pé ẹ ti kà mí kún ẹni tí kò wúlò mọ́ ni."

Ó bọ́ sílẹ̀, ó ń fọwọ́ tọ ara ọkọ̀ títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ mi. "Sún sí ìdí sítíárìn. Yalla, ó yá. Má tẹ̀ ẹ́ jù."

Ó ń tọ́ mi sọ́nà, ó ń bá mi wí, títí a fi dé Al-Kakíyà. Mo páàkì síwájú ilé, ṣùgbọ́n kò bọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n tún yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀kan sí i, kí àwọn èèyàn lè rí ọmọbìnrin òun nídìí ọkọ̀.