Ewì Ọwọ́ Tí Mo Kọ fún Àwọn Ọmọ

Ojú ọ̀run dúdú láàárọ̀ ọjọ́ náà bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n òjò kò rọ̀. Atẹ́gùn ń jà lójú títì márosẹ̀ láti Mówè dé Ìbàfò, ó ń gbé ọ̀rá àti eruku sókè, ó ń já gèlè lórí àwọn obìnrin. Àwa tá a wà nínú kọ́rópé, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń ná ọ̀nà náà, ń wo sánmà, oníkálùkù ń ṣírò bóyá òun á débi iṣẹ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀. Ó kàn so rọ̀ sókè bẹ́ẹ̀, kò rọ̀, kò sì lọ. Ara tèmi náà kò lélẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tú báàgì mi wò bóyá mo gbàgbé nǹkan, n kò sì gbàgbé nǹkan kan.

Iṣẹ́ màmá ni mò ń ṣe ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Ìbàfò. Iṣẹ́ màmá kì í ṣe iṣẹ́ tíṣà. Tíṣà ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní A àti B. Èmi ni mò ń mú wọn lọ tọ̀, tí mò ń pààrọ̀ pátá tó bá tutù, tí mò ń ṣí kúlà oúnjẹ wọn lọ́sàn-án, tí mo sì ń wò ó bóyá wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ìwé kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà dé. Mo lè kọ orúkọ mi, mo sì lè kọ ohun tí mo bá gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ mi máa ń wọ́.

Bàtà ló sọ mí di akéwì. Lọ́sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo ọmọ ló ń wọ bàtà òdì, tọ̀tún sẹ́sẹ̀ òsì, tòsì sẹ́sẹ̀ ọ̀tún, àwọn orí bàtà á wá kẹ̀yìn síra bí orogún méjì. Mo sọ títí, ẹnu ro mí. Lọ́jọ́ kan ọ̀rọ̀ náà kàn jáde lẹ́nu mi báyìí:

Bàtà méjì, ẹ má jà,
Ẹ wojú ara, ká lọ sọ́jà.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n tún un wí. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, àwọn fúnra wọn ló ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń bá bàtà wọn parí ìjà.

Látìgbà náà ni mo ti ń fi etí kọ́ iṣẹ́ yìí. Bí wọ́n bá ń ṣeré, mo máa ń jókòó sẹ́yìn wọn, màá máa fetí sí ohun tí wọ́n ń tún wí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn. Mo rí i pé ìparí ìlà ni adùn rẹ̀ wà. Bí ìlà kìíní bá wálẹ̀ níparí, kí èkejì náà wálẹ̀. Bó bá gòkè, kí èkejì gòkè tẹ̀ lé e, bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Mo tún rí i pé ọmọdé fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tí àgbà kì í sọ lójú àlejò. Tó o bá fi ìdí, tàbí ikun imú, tàbí ṣáláńgá sínú ewì, o ti rí wọn mú. Mo ní ìwé kékeré kan tí mò ń kọ wọ́n sí. Ańtí Bùsọ́lá, tíṣà kíláàsì wa, máa ń bá mi dà wọ́n kọ gàdàgbà sórí kádíbọ́ọ̀dù, á lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri.

Ó bi mí nígbà kan pé, "Màmá, ta ló kọ́ yín mà?"

Mo ní, "Ẹni tó ń tọ̀ sára ni."

Mo débi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, mo bá Ìyá Ròkíbà lẹ́nu géètì. Aránṣọ ni, ọmọ Ìwó, yàrá kan ni òun àti ọmọ rẹ̀ ń gbé nítòsí ilé-ìwé wa. Ròkíbà, ọmọ ọdún mẹ́rin, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sọ́dọ̀ wa ní táàmù náà ni. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Káàárọ̀, Ìyá Ròkíbà. Ṣé kò sí o?"

"Ó wà mà. Ẹ wo inú rẹ̀."

Ó na àpò ìwé ọmọ náà sí mi. Òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ kí mi. Ìrẹsì wà níbẹ̀, ẹ̀wà wà níbẹ̀, dòdò tó ti hu funfun lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé ìṣirò.

Ó ní, "Kúlà òfìfo ló ń gbé wálé fún mi. Mo ní ọmọ mi ń jẹun."

Mo ní, "Èmi náà, kúlà òfìfo ni mò ń rí."

"Mo wá ń wò ó pé egungun ọrùn rẹ̀ ń yọ. Àná ló tó jẹ́wọ́. Ó ní tí òun bá fẹ́ jẹun, wọ́n á máa pe òun ní Ṣáláńgá."

Mo mọ ibi tí orúkọ náà ti wá. Èmi ni mo kọ ọ́. Ní táàmù tó ṣáájú ìyẹn, àwọn ọmọ ń ti ilé ìyàgbẹ́ dé, wọ́n ń ki ọwọ́ méjèèjì bọnú oúnjẹ. Bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa nílé lèmi náà ṣe fẹ́ kọ́ wọn. Mo jókòó, mo ṣe ewì yìí, mo sì mọ̀ pé ó dáa:

Ọ̀tún ló ń bu ọbẹ̀ ilá,
Òsì ló mọ ọ̀nà ṣáláńgá.
Ọ̀tún, ó yá, wọ inú abọ́,
Òsì, dúró, ìwọ ò mọ́.

Àwọn òbí dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá àgbà kan ní ọmọ ọmọ òun kọ ọ́ sí òun lójú nílé nígbà tí òun fẹ́ fi òsì na owó ata sí ẹni tó ń tà á. Inú mi dùn títí. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ọmọ tó jẹ́ pé òsì lọwọ́ rẹ̀ tó gbọ́n lè wọlé tọ̀ wá wá. Ọlọ́wọ́ òsì ni Ròkíbà. Òsì ló fi ń kọ̀wé, òsì ló fi ń ju bọ́ọ̀lù.

Ìyá rẹ̀ ní, "Màmá, n kò ní kẹ́ ẹ má kọ́ ọ ní ọ̀tún o. Ilé-kéwú ń bá a wí, èmi gan-an ń bá a wí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá jẹun, kí ló fẹ́ fi ọ̀tún ṣe?"

Mo pa àpò náà dé.

Ó ní, "Màá wò ó di ọ̀la. Tí mo bá tún bá oúnjẹ nínú àpò, màá mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá mi n'Ìwó. Iṣẹ́ mi ò jẹ́ kí n lè máa jókòó tì í." Bó ṣe ń sọ ọ́, kò wo ojú mi, ojú títì ló ń wò. Ọmọ kan ṣoṣo tó ní nìyẹn.

Láti ìgbà náà di ọ̀sán, n kò lè jókòó. Mo gbálẹ̀ tí mo ti gbá. Mo ká aṣọ, mo tú u, mo tún un ká. Nígbà tí oúnjẹ ọ̀sán tó, mo dúró síbi tí n kì í dúró sí, mo wá rí ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ròkíbà fi ọwọ́ òsì sábẹ́ itan, ó jókòó lé e. Ó fi ọ̀tún gbé síbí, síbí ń gbọ̀n, oúnjẹ dà sílẹ̀ kó tó dẹ́nu. Ó yọ òsì jáde díẹ̀. Dárà, ọmọ ọdún márùn-ún tó jẹ́ pé òun ni rédíò gbogbo ewì mi, fẹnu sí i létí, ó rọra ń kọ ọ́: "Ìwọ ò mọ́, ìwọ ò mọ́." Kò pariwo. Ìyẹn ni n kò ṣe gbọ́ ọ rí.

Mo ní, "Dárà, n kò fẹ́ gbọ́ ewì yẹn mọ́. Gbogbo yín, ó ti tán."

Wọ́n ní, "Yes, Mama." Mo yíjú báyìí, mo ń gbọ́ ọ lábẹ́ tábìlì.

Ańtí Bùsọ́lá lọ já kádíbọ́ọ̀dù náà kúrò. "Màmá, mo ti yọ ọ́ mà."

Mo ní, "Ara ògiri lo ti yọ ọ́. Ta ni yóò yọ ọ́ lẹ́nu wọn?"

Ó ní kí n ṣe tuntun, kí tuntun lé ògbólógbòó jáde. Mo rò pé òótọ́ ni. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo ṣe é kíákíá, mo sì kó wọn jọ kí wọ́n tó lọ sùn:

Ọwọ́ méjèèjì, ọmọ ìyá ni wọ́n,
Ẹ má bú ọ̀kan, ẹ fẹ́ràn wọn.

Wọ́n wò mí. Dárà na ọwọ́ sókè.

"Màmá, ṣé àdúrà ni?"

"Rárá, ewì ni."

"Ká ṣe àmín?"

Ańtí Bùsọ́lá yíjú sí ògiri kó lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà mọ̀ pé kò dáa. Wàásù ni, mo kàn wọ aṣọ ewì fún un ni. Ọmọdé kì í gbé wàásù lọ síbi eré.

Nígbà tí mò ń lọ sílé, mo ń wá ìparí ìlà kiri inú kọ́rópé. Mo gbìyànjú "òsì" pẹ̀lú "ilé ìdáná mọ́ síi," kò bọ́ sí i. Mo gbìyànjú ewúrẹ́ tó ń fi ọwọ́ òsì họ imú. Ìgbà tí mo fi máa gbójú sókè, wọ́n ti gbé mi kọjá Mówè tó yẹ kí n ti sọ̀kalẹ̀. Kọ̀ńdọ́ tó ń gba owó ní, "Màmá, mo pe Mówè, ẹ ò dáhùn. Ẹ kàn ń mi ẹnu ni." Mo fẹsẹ̀ rìn padà. Nílé, mo fọ abọ́ tó mọ́. Mo kọ ewì mẹ́ta sínú ìwé kékeré yẹn, mo fa igi lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo pa ìwé dé. Ó hàn sí mi pé mi ò lè kọ ewì tó lágbára ju èyí tí mo ti kọ lọ, nítorí gbogbo ọgbọ́n tí mo ní ló wà nínú rẹ̀. Bó bá máa kúrò lára ọmọ yẹn, àfi kó rí ẹlòmíì bà lé.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé kúlà tèmi wá, ẹ̀wà àti gàrí. N kì í bá àwọn ọmọ jẹun tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọ̀sán tó, mo gbé àga kékeré, mo jókòó sáàárín wọn, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àgbọ̀n. Mo ṣí kúlà. Mo fi òsì gbé síbí.

Gbogbo ọmọ gbé síbí sílẹ̀, wọ́n ń wò mí.

Dárà ní, "Màmá, òsì lẹ fi ń jẹun."

"Mo rí i."

"Òsì ò mọ́ o, mà."

"Ṣé kì í ṣe pé ewì kan wà tí wọ́n ń kọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni?"

Ó wo Ańtí Bùsọ́lá. Ó wò mí. Ojú rẹ̀ ń wá ibi tí ẹgba máa gbà wá.

Mo ní, "Kọ ọ́. N kò ní nà ọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ kéré. Ẹlòmíì gbè é. Kó tó pẹ́, gbogbo kíláàsì ti ń kọ ọ́ sí mi, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pè mí ní Màmá Ṣáláńgá. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin ni mí, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ń sọ fún mi pé mi ò mọ́. Ó dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ. Mo ń jẹun lọ. N kò sì ṣe é láti pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ọwọ́ náà kò kàn gbọ́ tèmi ni. Síbí kọlu eyín mi, ẹ̀wà dà sí àyà mi, gàrí bọ́ sínú àpò aṣọ mi. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n kọ ọ́. Nígbà tí kò dùn mí lójú wọn, kò dùn lẹ́nu wọn mọ́. Ó kú díẹ̀díẹ̀. Dárà ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ tirẹ̀.

Ròkíbà ti dìde ní àyè rẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo ọwọ́ mi bí ẹni tó ń wo iṣẹ́ tí kò dáa.

Ó ní, "Màmá, ẹ ò mọ̀ ọ́n jẹ."

"Kí ni mò ń ṣe?"

"Ẹ̀ ń fún síbí lọ́rùn. Ẹ dẹ̀ ẹ́."

"Báwo la ṣe ń dẹ̀ ẹ́?"

Ó mí kanlẹ̀. Ó lọ gbé kúlà rẹ̀ wá, ó fi òsì bu ẹ̀wà, ó gbé e sẹ́nu, kò da ẹyọ kan sílẹ̀. "Ẹ rí i?" Mo ní n kò rí i dáadáa. Ó tún fi hàn mí. Mo ní ojú àgbà ni, kó máa rọra ṣe é. Báyìí ló ṣe ń kọ́ mi títí a fi lu agogo, ó sì ń bínú sí mi pé n kò tètè mọ̀.

Ìyá rẹ̀ dé nígbà tí wọ́n ń lọ sílé. Ó ṣí kúlà, ó wò ó. Ó tú àpò ìwé, ó gbọn ọ́n, ó tún gbọn ọ́n, ìwé nìkan ló jábọ́. Ìgbà yẹn ló tó wo aṣọ mi.

"Màmá, ẹ̀wà ni gbogbo èyí?"

Mo ní, "Ọmọ rẹ ló ń kọ́ mi níṣẹ́. Jọ̀ọ́, má tíì mú ọ̀gá mi lọ sí Ìwó."