Safurat Adìyẹ-Ńkọ́

Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, bí Safurat bá kí ọ tán, yóò kí adìyẹ rẹ. "Ẹ kú àárọ̀ o. Àwọn ọmọ ńkọ́? Adìyẹ ńkọ́?" Oúnjẹ adìyẹ ló ń tà, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ọjà ló ṣe ń béèrè. Dókítà Tẹniọlá, dókítà ẹran tó ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, ló fi í ṣe ojú àti etí ládùúgbò. Bí adìyẹ bá ń kú níbì kan, Safurat ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, òun ni yóò sì pe dókítà. Àwọn aláwàdà wá sọ ọ́ ní Safurat Adìyẹ-Ńkọ́. Kò bínú.

Ọ̀bẹ ló máa ń bí i nínú. Àṣà wa kúkú ni: bí adìyẹ bá ti ń tòògbé, kíá la ó ti dá a dùbúlẹ̀, kó má baà di òkú ǹbete. Bísímílà, ó di ọbẹ̀! A ó bù ú fún ará ilé, a ó bù ú fún aládùúgbò. Bí àrùn bá wà lára rẹ̀, a ti pín òun náà kiri nìyẹn.

"Ẹ má pa á, ẹ pè mí," ni Safurat máa ń wí ṣáá.

"Ó ń bọ̀ wá kan ìwọ náà," ni wọ́n máa ń dá a lóhùn.

Ó sì kàn án. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n so yìgì Ràódàt, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Safurat ti fọwọ́ ara rẹ̀ sin adìyẹ tí wọn yóò fi ṣàlejò. Láàárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì, ó ṣí ilé adìyẹ, ó bá òkú nílẹ̀, ogbe wọn ti dúdú. Àwọn tó kù ṣì ń jẹun, ara wọn ń dán.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká tètè pa àwọn tó kù," ni Ràódàt wí. Ó ti mú ọ̀bẹ dání. "Ta ló máa mọ̀?"

Omi bọ́ lójú Safurat. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé akíkanjú kì í sunkún. Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó tẹ dókítà láago.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Tèmi ni lónìí."

Àyẹ̀wò fi hàn pé kì í ṣe lúkúlúkú tí gbogbo wa mọ̀. Bọ́ọ̀dù fúlù ni, èyí tó lè ran ènìyàn. Dókítà ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ wọ́n; wọ́n pa gbogbo adìyẹ náà, wọ́n sì rì wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ̀wà àti ẹja dídín ni àlejò jẹ níbi yìgì. Ràódàt kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi sìn ín lọ sílé ọkọ ní Ìkòyí-Ilé. Ìyẹn dun Safurat ju adìyẹ lọ. Síbẹ̀, kò yé béèrè ládùúgbò: adìyẹ ńkọ́? Mélòó nínú wa ló lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù rẹ̀ dún. Ràódàt ni. Kò tiẹ̀ ráyè kí i.

"Mọ́mì, adìyẹ ìyá ọkọ mi ń kú. Wọ́n ti fẹ́ máa pa àwọn tó kù." Ó mí kanlẹ̀. "Mo kúnlẹ̀, mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ wọn. Ẹ bá mi pe dókítà."